Láti Orí Jẹ̀díjẹ̀dí dé Orí Fístúlà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dá Àìsàn Ìdí Kan Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ àìsàn ìdí ti rí nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè fi ìdí méjèèjì jókòó, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n là á yé oníṣègùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pe ohun tí ó ń ṣe wọ́n: jẹ̀díjẹ̀dí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ ìtàn ọ̀kan lára àwọn àìsàn tí ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà wò, èyíinì ni fístúlà. A ó wo bí àwọn oníṣègùn ṣe yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe fún un ní àmì nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, àti ohun tí èyí já sí fún aláìsàn tí ó gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí ilé ìwòsàn ní Port Harcourt. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìsọlórúkọ jẹ́ ara ìwòsàn, àti pé àárín ẹnu aláìsàn àti gègé akọ̀wé ni ìwòsàn ti máa ń sọnù nígbà mìíràn.

Orúkọ náà àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀

Ìṣẹ̀dá orúkọ náà kò ṣòro láti tú palẹ̀. Láti ara 'jẹ ìdí' ni a ti ṣẹ̀dá jẹ̀díjẹ̀dí nípa àpètúnpè kíkún, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá panápaná láti ara 'pa iná' àti gbọ́mọgbọ́mọ láti ara 'gbé ọmọ'. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń tọ́ka sí olùṣe ni gbogbo wọn. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa ni iṣẹ́ tí olùṣe náà ń ṣe. Kì í sọ ẹni tí olùṣe náà jẹ́. Bí a bá fi igbe ta pé gbọ́mọgbọ́mọ dé, gbogbo ilé ni yóò sá jáde, ṣùgbọ́n igbe náà kò sọ ẹni tí ó gbé ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí: ó sọ pé nǹkan kan ń jẹ ìdí, ó dúró níbẹ̀.

Bí a bá tẹ́tí sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, a ó rí i pé ó kéré tán, àìsàn márùn-ún ni wọ́n dì sínú ẹrù kan. Èkíní ni òpójẹ̀ ìdí tí ó wú, tí ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Èyí ni pile gan-an. Èkejì ni ojú ìdí tí ó ya. Ẹ̀kẹta ni ìfun tí ó ń yọ síta. Ẹ̀kẹrin ni eéwo tí ó sọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí. Ẹ̀karùn-ún ni fístúlà. Ìgbà mìíràn sì wà tí jẹjẹrẹ ìfun pàápàá máa ń da aṣọ yìí bora. Ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ ni pé ohun dídùn, pàápàá jù lọ ṣúgà, ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí nìyí tí àgbo kíkorò fi jẹ́ oògùn rẹ̀. A kò sọ pé àgbo náà kò wúlò fún ohunkóhun. Ẹni tí ìgbẹ́ líle ń dà láàmú lè rí ìtura nínú àgbo tí ń mú inú rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àgbo tí ó lè dí ihò tí ó ti la ẹran ara kọjá.

Àpẹẹrẹ kan láti Port Harcourt

Èbúté àti ojú irin tí yóò máa kó èédú wá láti Enugu ló bí ìlú Port Harcourt. Ní 1913 ni wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt, tí ó jẹ́ mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà, sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò sí i. Nítorí náà, orí ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni àwọn Ìjọ, Ìgbò, Ogoni, Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti ń pàdé, tí èdè Píjìn sì ń bá wọn ṣe alárinà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ó sì kó lọ sí Alakahia ní 2006. Nínú irú ìlú báyìí, àìsàn kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà láìgba inú èdè méjì tàbí mẹ́ta kọjá.

Ní ìlú yìí ni ẹ̀gbọ́n wa kan, tí ó ń ta aṣọ, ti bá fístúlà wọ̀yá ìjà fún ọdún mẹ́ta. Eéwo kan ló kọ́kọ́ sọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ó tú fúnra rẹ̀, ọyún jáde, ara sì tù ú. Lẹ́yìn oṣù méjì, ojú ibẹ̀ tún wú, ó tún tú. Láti ìgbà náà ni ọyún ti ń ta sí ṣòkòtò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìrora ń lọ, tí ó ń bọ̀. Ó mu àgbo títí ó fi sú u. Nígbà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, dókítà tí ó bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n ní, 'Jẹ̀dí ni.' Ọmọ tí ó tẹ̀lé e lọ túmọ̀ rẹ̀ sí pile ní èdè Píjìn. Pile náà ni wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oògùn pile ni wọ́n ń kọ fún un. Kò sẹ́ni tí ó ní kí ó dùbúlẹ̀ kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò. Ìgbà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní ibòmíràn ní kí ó dùbúlẹ̀ ni ó tó gbọ́ fístúlà fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló parí ìyà ọdún mẹ́ta.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi bu ẹnikẹ́ni. Bí a bá wò ó dáadáa, ọmọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀. Nínú Píjìn, pile náà ń bo ohun gbogbo tí jẹ̀dí ń bò mọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ náà péye tán; pípéye rẹ̀ gan-an ló gbé àṣìṣe láti ẹnu dé inú ìwé.

Kí ni fístúlà?

Ọ̀rọ̀ Látìn ni fístúlà. Ọ̀pá tí ó ní ihò nínú, bíi fèrè, ni ó túmọ̀ sí. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ọ̀nà tóóró tí kò yẹ kí ó wà láàárín ibi méjì nínú ara ni. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ní ojú méjì: ojú kan wà nínú, ojú kejì wà lórí awọ ara nítòsí ihò ìdí. Bí ó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké kan wà láàárín àwọn iṣan tí ń pa ihò ìdí dé. Bí ojú ọ̀kan nínú wọn bá dí, kòkòrò àìsàn á ráyè wọ inú rẹ̀, ọyún á gbára jọ, yóò sì wá ọ̀nà jáde síta. Eéwo nìyí. Kì í ṣe gbogbo eéwo bẹ́ẹ̀ ló ń di fístúlà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí ọyún là bá kọ̀ tí kò dí, fístúlà ti dé nìyẹn. Nígbà náà, ojú òde lè san, kí ó dà bí ẹni pé ó ti tán, nígbà tí ojú inú ṣì là sílẹ̀.

Ibi tí ojú inú wà ṣe pàtàkì. Bí ó bá wà ní ọ̀nà ihò ìdí fúnra rẹ̀, fístúlà ihò ìdí ni. Bí ó bá wà lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní apá ìkẹyìn ìfun tí ìgbẹ́ ń dúró sí kí ó tó jáde, fístúlà ìfun ìkẹyìn ni. Ẹ̀wẹ̀, fístúlà lè jẹ́ onírọ̀rùn tàbí onídìjú. Onírọ̀rùn ni èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí kò sì gba inú iṣan púpọ̀ kọjá. Onídìjú ni èyí tí ó pẹ̀ka, tàbí tí ó gba inú iṣan púpọ̀, tàbí tí àìsàn mìíràn bíi ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nídìí rẹ̀. Bí a bá gé iṣan náà jù, aláìsàn kò ní lè dá ìgbẹ́ dúró mọ́. Inú ewu yìí ni gbogbo ìtàn ìtọ́jú fístúlà ti jáde wá.

Bí àwọn ará ìgbàanì ṣe bá a jà

Fístúlà kì í ṣe àìsàn òde òní. Nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ìwé kan tí ó dá lé e lórí wà lára àwọn ìwé Gíríìsì tí a ń pè mọ́ orúkọ Hippocrates. Ohun tí ó kọ́ni ni pé kí a fi òwú tí a lọ́ mọ́ irun ẹṣin gba inú ihò náà kọjá, kí a sì máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gé ẹran náà. Ní ilẹ̀ Íńdíà, nínú ìwé ìṣègùn tí a ń pè mọ́ orúkọ Sushruta, bhagandara ni orúkọ àìsàn náà, wọ́n sì ń fi òwú tí a ti ra oògùn sí tọ́jú irú rẹ̀. Ìlànà méjèèjì jọra: kí òwú máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí ojú egbò sì máa san tẹ̀lé e.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Arderne, ẹni tí wọ́n bí ní 1307, kọ ìwé lórí fístúlà ìdí ní 1376. Àwọn ọlọ́lá tí ń gun ẹṣin lọ sójú ogun wà lára àwọn tí ó tọ́jú. Ọ̀bẹ àti òwú ló ń lò, ó sì kórìíra oògùn tí ń jó ẹran ara. Ní ilẹ̀ Faransé, fístúlà mú ọba Louis XIV fúnra rẹ̀. Wọ́n fi oríṣiríṣi oògùn gbìyànjú, kò gbọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1686, Charles-François Félix la fístúlà ọba, lẹ́yìn tí ó ti fi oṣù mélòó kan kọ́ ọwọ́ lára àwọn aláìsàn tálákà. Ọba yè é. Ní ayé ìgbà náà, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ka oníṣẹ́ abẹ àti onígbàjámọ̀ sí, bí ìgbà tí àwa náà ń fi iṣẹ́ ilà kíkọ àti ìdábẹ́ lé àwọn olóòlà lọ́wọ́. Ìwòsàn ọba yìí wà lára ohun tí ó gbé iyì oníṣẹ́ abẹ ga ní Faransé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé àwọn tálákà tí ara wọn di ibi ìkọ́ṣẹ́, tí ìtàn kò sì dárúkọ wọn.

Ní 1835, Frederick Salmon ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ó ní ibùsùn 7 ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tálákà tí fístúlà àti àwọn àìsàn ìdí mìíràn ń dà láàmú. Ilé ìwòsàn náà ló di St Mark's, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Salmon yìí ló ṣe iṣẹ́ abẹ fístúlà fún òǹkọ̀wé Charles Dickens ní 1841, nígbà tí kò tíì sí oògùn tí ń kun ni lóorun fún iṣẹ́ abẹ. St Mark's náà ni David Goodsall ti ṣiṣẹ́, ẹni tí òfin rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1900. Níbẹ̀ náà ni Alan Parks ti wo aláìsàn 400, tí ó sì pín fístúlà sí oríṣi mẹ́rin ní 1976 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe gba inú iṣan kọjá.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ìtàn aláìsàn ni ìbẹ̀rẹ̀: ṣé eéwo ti sọ níbẹ̀ rí? Ṣé ó ń san, tí ó tún ń wú? Ṣé ọyún ń ta sí aṣọ? Èyí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ń kán láìsí ìrora, tí a sábà ń rí nínú pile, ó sì yàtọ̀ sí ìrora mímú bí abẹ nígbà ìyàgbẹ́, tí a mọ̀ mọ́ ojú ìdí tí ó ya. Lẹ́yìn èyí ni ojú yóò wò ó. Dókítà yóò wá ojú òde, yóò fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú wò, yóò sì fi irinṣẹ́ wo ibi tí ojú inú wà. Òfin Goodsall máa ń ràn án lọ́wọ́: bí a bá fa ìlà dábùú ihò ìdí, tí ojú òde sì wà níwájú ìlà náà, ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń lọ tààrà, bí ó bá wà lẹ́yìn, ó sábà máa ń yí kọ́rọ́ lọ sí àárín ẹ̀yìn. Fún èyí tí ó dìjú, àwòrán MRI ló dára jù. Bí dókítà bá sì fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ, yóò bu díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà nídìí ọ̀rọ̀, tí a sì kàn ń la fístúlà lásán, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí a lè ṣe láìjẹ́ pé aláìsàn sọ̀rọ̀, kí ó sì gbà kí wọ́n yẹ òun wò. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Láti ẹnu dókítà dé inú kóòdù

Nígbà tí dókítà bá ti mọ àìsàn, akọ̀wé àkọsílẹ̀ ìlera ni yóò sọ ọ́ di kóòdù. Ìtàn kóòdù yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkú. Àtòjọ ohun tí ń pa ènìyàn ni Jacques Bertillon, ará Faransé, gbé kalẹ̀ ní Chicago ní 1893. Àìsàn bíi fístúlà, tí ó ń fìyà jẹ ènìyàn púpọ̀ ju bí ó ti ń pa wọ́n lọ, kò lè fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú irú àtòjọ bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba iṣẹ́ náà, tí àtòjọ kẹfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn alààyè pẹ̀lú.

Nínú àtòjọ kẹsàn-án, kóòdù kan ṣoṣo, 565.1, ló wà fún fístúlà ihò ìdí àti ti ìfun ìkẹyìn. Nínú àtòjọ kẹwàá, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, ẹyọ kan náà di mẹ́ta: K60.3 fún ti ihò ìdí, K60.4 fún ti ìfun ìkẹyìn, K60.5 fún èyí tí ó kan méjèèjì. A lè tú kóòdù yìí palẹ̀ bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá palẹ̀ sí mọ́fíìmù. K ń tọ́ka sí àwọn àìsàn ọ̀nà oúnjẹ. 60 ń tọ́ka sí ìdí tí ó ya tàbí tí ó ní fístúlà. 4 ń tọ́ka sí ibi pàtó. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà gùn sí i: K60.41 ni fístúlà ìfun ìkẹyìn onírọ̀rùn. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́, K60.411 ni, bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, K60.412 ni, bí ó bá lọ tí ó padà wá, K60.413 ni. Àtòjọ kẹwàá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kò ní ìpín onírọ̀rùn àti onídìjú yìí.

Pile ńkọ́? Nínú àtòjọ kẹwàá, àárín àwọn àìsàn ọkàn àti òpójẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, pẹ̀lú kóòdù I84; àtúnṣe 2010 ló gbé e wá sí K64. Ìdí tí ó ya wà ní K60.0 sí K60.2, ìfun ìkẹyìn tí ó yọ síta wà ní K62.3, eéwo ìdí wà ní K61, jẹjẹrẹ ìfun ìkẹyìn wà ní C20, ikọ́ ẹ̀gbẹ ìfun àti ti ìdí wà ní A18.3. Gbogbo àwọn tí jẹ̀díjẹ̀dí dì sínú ẹrù kan ni kóòdù tú ká, tí olúkúlùkù sì ní ilé tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í ṣe dókítà. Kò gbọdọ̀ méfò. Ohun tí dókítà kọ ni yóò sọ di kóòdù. Bí a bá kọ pile fún ẹni tí ó ní fístúlà, K64 ni yóò wọ inú ìwé, bí akọ̀wé tilẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì. Nígbà tí ìjọba bá sì ka iye aláìsàn, fístúlà yóò kéré, pile yóò pọ̀. Láti ìgbà tí òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà ti kan owó pẹ̀lú, nítorí ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń fi béèrè owó ìtọ́jú.

Fístúlà kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù láìsí ìrànlọ́wọ́, ihò lè là láàárín ojú ara obìnrin àti àpò ìtọ̀, tàbí láàárín ojú ara rẹ̀ àti ìfun. N82.0 ni kóòdù ti àkọ́kọ́, N82.3 ni ti èkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, ọmọ Abonnema ní ìpínlẹ̀ Rivers, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Port Harcourt láti 1989 sí 1992, ni ó darí ìwádìí lórí ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn ní Zaria láàárín 1976 sí 1979. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní 1985, jẹ́ kí ayé mọ ìyà tí irú ìrọbí bẹ́ẹ̀ ń fi jẹ àwọn ọmọdébìnrin tí kò rí ìtọ́jú. Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì pe ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀.

Ìkádìí

A kò dámọ̀ràn pé kí a sọ jẹ̀díjẹ̀dí nù. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń la ẹnu lórí ohun ìtìjú. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí a fẹ̀ ẹ́ lójú, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ya ibà pọ́njú sọ́tọ̀ kúrò lára ibà lásán. A lè máa sọ pé jẹ̀dí ẹlẹ́jẹ̀, jẹ̀dí ojú-yíya àti jẹ̀dí oníhò. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ní jẹ̀dí oníhò lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ọmọ tí ó bá a lọ ìbá wá ọ̀rọ̀ mìíràn lò ní Píjìn, dókítà ìbá sì béèrè ibi tí ihò náà wà. Iṣẹ́ kù fún àwa olùkọ́ èdè náà, kì í ṣe fún àwọn dókítà nìkan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ara aláìsàn ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ àìsàn lórúkọ.